Ẹni Tí Yóò Fa Ìlà Sójú Mi

Gẹdalíà ayàwòrán, aládùúgbò mi ní ìlú Sáfẹ́dì ní Ísírẹ́lì níbí, kò mọ ọbẹ̀ sè, kì í sì í gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé abẹ́rẹ́ irin lé orí pẹlẹbẹ bàbà láti gbẹ́ àwòrán sí i báyìí, kí ẹ sáà máa wò ó! Lọ́dún tó kọjá, ojú tèmi ló yà sórí bàbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó fún un, mò ń kọrin, òun náà ń pariwo pé, "Màmá Soharà, ẹ panu dé, ètè ni mò ń yà!"

Nígbà tó parí, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ogún géérégé. Ọkùnrin tí yóò pàtẹ wọn fáwọn èèyàn wò ní ìlú Tẹli Afifu ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí Sábáàtì tó wọlé.

Láàárọ̀ Ẹtì náà, mo yà kí i. Mo bá a tó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ojú mi tó wà lórí bàbà ló dojú rẹ̀ kọ.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ìlà gbọọrọ ni mo fẹ́ fà kọjá lórí ẹ̀, Màmá. Àṣà iṣẹ́ wa ni. Bí ogún bá ti pé, a ó ba bàbà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ òmíràn mọ́. Bí mi ò bá ṣe é, ọkùnrin yẹn ò ní gbà wọ́n."

"O fẹ́ fà mí lójú ya?" Mo já bàbà gbà, mo fi há abíyá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọn ò ti pe mí sí àtẹ àwòrán kankan."

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má pè ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Háà! Ọkùnrin yìí ti ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò láti òwúrọ̀, òun náà ò lè ṣe é.

Mo dá bàbà padà sórí tábìlì.

"Mú abẹ́rẹ́ wá, ojo. Bí ojú Soharà yóò bá bàjẹ́, Soharà ni yóò bà á jẹ́."

"Ibo lẹ fẹ́ gbà?"

"Imú ni. Ó ti tóbi jù láti ilé bàbá mi."

Ó fọwọ́ bojú. Mo fà á, mò ń kọrin:

*Fà á, fà á, má wẹ̀yìn wò,*
*imú gbàǹgbà ti rẹ́ni gé e!*

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọkùnrin náà dé, ó wo ìlà mi, ó mi orí pé ó dára, ó di ogún bébà náà sínú ọkọ̀. Gẹdalíà jókòó tì í, ó wọ ẹ̀wù mímọ́ kan tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mò ń ké tẹ̀lé wọn:

"Sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé imú mi ṣì wà lójú mi o!"