Ẹ̀yìn Eyín

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe eyín àtọwọ́dá fún ẹni tí tirẹ̀ ti ká. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, n kò sì ní torí ìtẹríba purọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rédíò tó ti ń ka ìròyìn, tí eyín iwájú òkè méjèèjì ká mọ́ ọn lẹ́nu, mo ní kó má jáyà, kò ní pẹ́ padà sídìí iṣẹ́.

Eyín tí mo ṣe fún un dára. Ara eyín gidi kì í dọ́gba: ó ṣú díẹ̀ níbì kan, ó mọ́ gaara létí, ó sì ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ téèyàn ò ní rí àfi tó bá sún mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi sí i, kó má baà dán bí abọ́ tánganran. Àbúrò mi wo dígí, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá lanu sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń súfèé láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ní yóò mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé tí ìfé yìí kò bá lọ kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ni yóò máa ka ìròyìn. Ó wá bá mi nídìí tábìlì iṣẹ́ mi, ó káwọ́ lẹ́rán. Dípò kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo di gbogbo ẹ̀bi ru ahọ́n rẹ̀, mo ní ọ̀lẹ ni, bíi ti ẹni tó ni ín.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ahọ́n mi ń wá ibi tó máa ń fẹ̀yìn tì. Kò rí i mọ́.”

N kò mọ ìgbà tí mo ti ahọ́n tèmi sẹ́yìn eyín iwájú mi. Ibẹ̀ jin kòtò bí inú ṣíbí, etí rẹ̀ méjèèjì sì ga. Mo ti gbé e sẹ́nu láti kékeré, n kò ronú kàn án rí. Eyín tí mo ṣe fún ọmọ ìyá mi, pẹrẹsẹ lẹ́yìn rẹ̀ rí, bí mo ṣe máa ń ṣe é fún gbogbo ayé. Ibi tí ojú ń rí nìkan ni mo ti ń dárà. Ojú tì mí gan-an.

Mo po èròjà rírọ̀ tí a fi ń tẹ àwòrán eyín, mo lanu, mo sì gé e jẹ. Àbúrò mi ní eyín ta ni mò ń wọ̀n? Ẹnu mi kún, n kò lè dáhùn. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé náà la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: bí ẹ̀yìn eyín tèmi ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ẹ̀yìn eyín tuntun tí mo fi sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tan rédíò sókè. Oníbàárà mi kan jókòó sórí àga, ó lanu sílẹ̀. Ìròyìn náà kò dùn létí rárá: afárá wó, epo tún ti gbówó lórí. Ohùn àbúrò mi ń lọ geere, kò sí ìfé, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún. Oníbàárà wò mí bí aláìláàánú, ó ní kí ló ń dùn mọ́ mi nínú.

Mo ní, “Ẹ má bínú. Eyín mi ló ń ka ìròyìn yẹn.”