Irun Fadérera Nínú Ìwé Ọkọ Mi

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí lójú oorun ọ̀sán ni. Lójú àlá, ilé wa ni mo bá ara mi, àmọ́ kò lórùlé. Oòrùn ń wọlé tààrà, bébà ló kún gbogbo ilẹ̀, bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí, wọ́n sá a bí ẹni sá èlùbọ́. Mi ò ríbi tẹsẹ̀ lé.

Ẹnì kan bá jókòó sẹ́yìn mi lórí àpótí. Mo mọ èémí ẹ̀. Bàbá Ìbídùn ni o, ọkọ mi tá a sin lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn! Ẹ ṣáà mọ̀ pé òun ló máa ń bá mi tú irun. Tó bá ti kọ orí kan tán nínú ìwé ẹ̀, á ní kí n wá jókòó, á máa tú u, á máa ka ohun tó kọ fún mi. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó bá ṣì kọ, èmi ni mò ń sọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọwọ́ ẹ̀ ń wá inú irun mi kiri, jẹ́jẹ́. Kò rí nǹkan kan tú.

"Àwẹ̀ró, ta ló bá ọ tú u?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni."

"Kí ló dé?"

Hẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo ní, "Nítorí yín ni."

Ojú wá ń tì mí, mo bá yí ọ̀rọ̀ sí ìwé ẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn tó kú, tí mo fìka tọ̀ kà títí mo fi kà á tán.

Mo ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ ṣì í kọ níparí o! Ọkọ Fadérera inú ìwé yín kú, ọjọ́ kẹjọ ló lọ dirun. Opó wo ló ń dirun? Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti pe Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé tó ń bá yín tẹ̀wé. Mo ní kí wọ́n tú irun yẹn nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tún tẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Mi ò ṣì í kọ, Àwẹ̀ró. Ṣé mi ò rí opó rí ni? Nígbà tí mo mọ̀ pé àìsàn yẹn ò ní lọ, irun tìẹ ni mò ń rò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tú u. Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i ju kí n kọ ọ́ lọ."

Mo fẹ́ yíjú. Ó ní, "Má yíjú." Ó bá ń ya irun mi bí ẹni fẹ́ dì í, ọkùnrin tí ò mọ irun dì! Bí mo ṣe jí nìyẹn.

Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Hàá, Màmá, a ti tẹ̀ ẹ́ látàná, bí ẹ ṣe ní ká tún un ṣe. Ó ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á." Ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Àǹtí mi. Ó ní inú ọkọ mi á dùn níbi tó wà.

Mo ní ẹ ṣeun, sà.