Obìnrin Inú Fóònù Misbaudeen

Nílé Bàbá Gàníyù, wọn kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Ẹnì kan á lọ yọ́ ọkọ ìyàwó wò, á sì wá jábọ̀ fún ẹbí. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ. Karimat ni ọmọ, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Misbaudeen lẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, aránṣọ ní Bẹẹrẹ. Ohun tí Bàbá bá sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ labẹ gé.

Bàbá kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fa ọmọ fún wèrè, wọ́n á máa rántí rẹ̀ sí ibi. Ẹni tó bá sì ba ọmọlúwàbí jẹ́, Ọlọ́run ń wò ó.

Ó ki aṣọ gíní sínú ọ̀rá, ó sọ̀ kalẹ̀ láti Àrẹ̀mọ bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò. Ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Àgbékẹ́, obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Misbaudeen.

"Ẹ kú ọjà o. Aránṣọ ọ̀hún, ṣé ó mọ iṣẹ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, bàbá. Tẹ́lẹ̀ nìkan ló níṣòro. Bí ẹ bá gbé aṣọ Iléyá fún un, ẹ óò wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Á gé apá kan, á jáde lọ ra abẹ́rẹ́, ẹ óò bá a níbi tó ti ń ná tòlótòló."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti yàtọ̀. Láti ìgbà tó ti ń gbọ́ ti fóònù yẹn." Àgbékẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Obìnrin kan ń bẹ nínú ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Aránṣọ náà kì í sọ̀rọ̀. Ẹ má ní èmi ni mo sọ o."

Bàbá dúpẹ́, ó sọdá. Yàhúù ni, ó wí nínú ara rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yàhúù fi ń jẹun náà nìyẹn, obìnrin tí wọn kò mọ̀ rí.

Misbaudeen dọ̀bálẹ̀ kí i. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún ni. Ó wọn Bàbá, ó bi í ní àdúgbò rẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́nu: "Bàbá Àrẹ̀mọ, ṣòkòtò, Àlàmísì."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Fóònù ni, bàbá. Bí mi ò bá sọ ọ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé Màpó, mo ti gbàgbé pé ẹ wá."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Fóònù dún láti rán an létí omi. Misbaudeen mu omi. Ó tún dún fún iṣẹ́. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó fi fóònù ti ara ìgò kan. Obìnrin kan yọ lójú fóònù náà, ó wọ ìwérí, ó di bírò mú. Obìnrin náà mi orí. Misbaudeen mi orí. Ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Maṣíìnì ń dún, bírò ń lọ.

Bàbá ka aúsù sínú, ó sá di Ọlọ́run lọ́wọ́ èṣù. Ó ní:

"Ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, bàbá."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Áàpù ló ń so wá pọ̀. Ó lè jẹ́ Kánò ló wà, ó lè jẹ́ Gánà. Ọkùnrin ni ti àná."

"Kí ló ń fún ọ?"

"Ojú ẹ̀ nìkan ni."

Bàbá dìde. Ohun tó wá wò, ó ti rí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Èmi ni bàbá Karimat."

Ọwọ́ Misbaudeen dúró. Ó pa fóònù. Ó fa àga kan sún mọ́ Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́nu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ. Wọ́n yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọkàn mi kì í lè dúró sójú kan, láti kékeré. Kì í ṣe wèrè, bàbá. Àmọ́ nínú ọpọlọ ni."

Ọpọlọ. Torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn baba ńlá wọn ṣe ń ṣe ìwádìí.

"Karimat mọ̀?"

"Òun ló fi áàpù náà sórí fóònù mi."

Bàbá jókòó.

"Bí o bá dá wà ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ò ní í lọ. Bí ẹnì kan bá jókòó tì mí, á lọ. Kó má tiẹ̀ wò mí."

Ahunṣọ ni Bàbá kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ní àtíbàbà wọn ní Oníyanrìn, lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń jókòó hun. Fàsásì kan wà nínú wọn tí kì í lè dá hun. Bí àwọn yòókù bá lọ kírun, á máa tú òwú, á máa ká a. Wọn kò pè é ní aláìsàn. Wọ́n ń jókòó tì í ni. Àmọ́ wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Obìnrin yìí, ilé ta ni?

"Jẹ́ kí fóònù yẹn wà ní pípa," ni Bàbá wí. "Rán ṣòkòtò mi."

Ó kọjú síta, ó fa tẹ̀sùbáà yọ. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tó dún dé ibì kan, Bàbá dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri lóde, bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Maṣíìnì falẹ̀. Ó dákẹ́. Bàbá yọjú díẹ̀: Misbaudeen ti da bọ́tìnnì sílẹ̀, ó ń ṣà wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀. Bàbá wọlé, ó jókòó. Maṣíìnì tún dún.

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàárì, ṣòkòtò ti tán. Ojú rírán rẹ̀ gún.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹbí jókòó. Sọ̀fíyàt, ìyá Karimat, kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, ṣé wèrè wà ńbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó dáhùn."

"Ohun kan ń ṣe é. Kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nígbà tí irọ́ ì bá gbà á là."

Karimat ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wá ní ká ti ṣe é?" ni Sọ̀fíyàt bi í.

"Ká fọmọ fún un."

"Obìnrin inú fóònù tí wọ́n ń sọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ló kù," ni Bàbá wí. "Màá máa lọ wò ó níbẹ̀ ní gbogbo Àlàrùbá."

Nígbà tí Àlàrùbá pé, ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Fóònù ṣí. Obìnrin oníwérí yọ, ó rí arúgbó, ó mi orí sí i.

Bàbá kò mi tiẹ̀. Kò tíì mọ ilé ta ni.