Ọwọ́ Ọ̀pá Tí Kò-sírú-mi Yà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ya èèrà kan sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan, ó jọ èèrà débi pé ó bu òun jẹ ní ìka, ọwọ́ òun sì wú bí búrẹ́dì. "Bí mi ò bá tètè pa iná kọ̀ǹpútà," ló wí, "ì bá ti bímọ sínú ilé." Gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì rín jù, ẹ̀rín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Kò-sírú-mi là ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn bí oyin. Ì bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ti ní, "Ìwọ, irọ́ lò ń pa," lọ́jọ́ náà!

Iṣẹ́ mọ́ọ̀dù là ń ṣe. Mọ́ọ̀dù ni irin ńlá méjì tó ń pa ẹnu dé bí eyín ọ̀nì. A ó da ike gbígbóná sí i nínú, á tutù, a ó yọ ọ́: ó ti di ìdérí, ó ti di ife, ó ti di ohunkóhun tí ayàwòrán bá yà. Ẹ̀gbọ́n mi ni ayàwòrán. Èmi ni mò ń tẹ ẹ̀rọ, torí èmi àti ìwé ti jọ jà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá wa parí ẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, dókítà ní kó máa fi ọ̀pá rìn lójoojúmọ́. Bí kò bá rìn, ẹsẹ̀ náà á gan, ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lu àyà. "Màámi, èmi ni màá ya ọwọ́ ọ̀pá yín. Ẹ ó máa sáré ju ehoro lọ!" Ọ̀gá wa náà gbà, ó ní ilé ìwòsàn lè ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

"Gbọ́ o," ọ̀gá wí. "Ibi tí ìka máa dì mú nìkan ni kó rí ṣákiṣàki, kó má baà yọ̀. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ máa sinmi lé, kó dán bí awo. Fa ìlà yí ibi ṣákiṣàki ká nínú àwòrán, kó o kọ ọ́ sí i pé ibí ló parí sí. Kó o sì ya ibẹ̀ bí ègé irin ọ̀tọ̀ tó ṣe é yọ nínú mọ́ọ̀dù. Tí kò bá dáa, a yọ ègé, a fi òmíràn sí i."

"Ọ̀gá, ègé yíyọ, ti àwọn tó ń ṣàṣìṣe nìyẹn. Ẹ ti rí i kí n ṣàṣìṣe rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kàn mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò-sírú-mi kò fa ìlà kankan. Ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo ara ọwọ́ ọ̀pá sì kún fún àmì ṣákiṣàki láti orí dé ìdí. Irin náà, odidi ló yà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wuyì lójú òun. Àwọn tó ń gé irin kì í bá àwòrán jiyàn. Wọ́n gé e, wọ́n fi ásíìdì jẹ ẹ́ lára kí àmì ṣákiṣàki náà lè hàn lára irin. Ike àkọ́kọ́ tí mo yọ, ara rẹ̀ dà bí ti akíka tó ń bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí lè rin àgbọn o."

"Ìwọ tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ nípọn bí pátákó, kí lo mọ̀?"

A tún jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù báyìí.

Ìyá wa gba ọ̀pá, ó ṣàdúrà fún un títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá láti ilé ìwòsàn, ó fẹ́ wo ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ìyá wa wá, ó fi í jókòó sáàárín bí ìyàwó tuntun. Aṣọ ìnura ni ìyá fi wé ọwọ́ ọ̀pá.

"Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ọ̀pá yìí rọ̀ ju òwú lọ!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Lánàá, ológbò aládùúgbò wá sùn lé e, ó ní òun ò padà sílé mọ́."

Nọ́ọ̀sì rín músẹ́. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi aṣọ wé e?"

"Òtútù ni," ni ìyá wa wí. Òógùn ń ṣàn lójú gbogbo wa.

"Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín, mà."

"Ọwọ́ kẹ̀? Ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó, ó pupa yòò.

"Màámi!" Èmi ni mo pariwo. "Ẹ ò sì sọ?"

"Ọmọ mi ló yà á," ó ní, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Kí n wá ní ó ń bó mi lọ́wọ́? Mo kàn dín ìrìn kù ni."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Ó ti ń gan, mà."

Ọ̀gá yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. "Kò-sírú-mi, wá. Níbo ni ìlà tí mo ní kó o fà wà? Ègé tó ṣe é yọ ńkọ́? Odidi irin! Kí la fẹ́ yọ báyìí, ọwọ́ ìyá ẹ?"

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yẹn ló..."

"Kọ̀ǹpútà ṣe kí ni?"

"Ẹ má bá a wí," ni ìyá wa dá sí i, ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bàbá mi, wá. Kò dùn mí púpọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ bojú, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ta korobá hóró ike dànù, ó yọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó já sí títì pẹ̀lú eré tí àgbọ̀nrín kò sá rí. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. Ìyá wa fẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Ó di ọ̀pá mú, ó fa ojú ro, ó sì tún jókòó.