Róòsì Alága

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní Atikori, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àgbẹ̀ a gbé ọkọ́. Ẹgbẹ́ Olódòdó Róòsì a gbé àga síta, wọn a wọ kóòtù, wọn a sì máa wo ilẹ̀.

Gbénró ni alága wọn. Ó lọ sí Èkó lẹ́yìn tí ogun Òyìnbó ṣí ọ̀nà, ó sì mú igi ẹlẹ́gùn-ún kan bọ̀, ó ní róòsì ni. Ọdún kẹta rèé, igi náà kò tíì tanná. Àmọ́ òun ló ti ṣòfin pé, bí ẹnikẹ́ni kì í ti í jẹ iṣu tuntun ṣíwájú olórí ilé, bẹ́ẹ̀ ni róòsì kan kò gbọdọ̀ tanná ṣíwájú ti alága. Ẹni tí tirẹ̀ bá yájú, kó fi apẹ̀rẹ̀ bò ó.

“Alága, tèmi ti fẹ́ẹ́ já apẹ̀rẹ̀ o,” ni Sàláwù, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, wí.

“Bá a wí, kó ní sùúrù.”

Ọkàn Gbénró kò balẹ̀. Alùfáà Ọláníyọnu, tó máa ń yan alága fún ẹgbẹ́, ń bọ̀ láti Èkó ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá rí òdòdó fi hàn án ni yóò ṣe alága lọ́dún tó ń bọ̀. Ipò yìí kì í ṣe kékeré: àna Gbénró pàápàá ti ń dọ̀bálẹ̀ kí i!

Ìbíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní: “Baba Àìná, mo fọwọ́ ra ewé igi yín, ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń rùn.”

“Kí lobìnrin mọ̀ nípa róòsì?”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, òdòdó funfun kékeré kan là lórí igi náà. Gbénró fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́. Nígbà tí àlejò dé, apẹ̀rẹ̀ ló rí káàkiri.

“Ṣé adìyẹ lẹ̀ ń sìn ni?”

“Róòsì ni, Alàgbà,” ni Sàláwù fèsì. “Wọ́n ń dúró de àgbà ni.”

“Àgbà ti dé!” Gbénró kígbe. “Ẹ ṣí wọn!”

Wọ́n ṣí wọn. Gbogbo òdòdó ti jẹrà, èèrà ló kù níbẹ̀. Alùfáà tẹ̀ síbi igi Gbénró, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, ọsàn wẹ́wẹ́ nìyí.”

 Ojú Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà sá lọ. Sàláwù wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní:

“Ọsàn ni, Alàgbà, àmọ́ ó tanná. Tiwa dà?”

Alùfáà wòtún wòsì, kò rí òdòdó mìíràn. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bọ Gbénró lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí alága. Gbénró tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“Róòsì ti Èkó kì í so èso,” ni ó wí. “Róòsì Ìjẹ̀bú nìyí.”

Nígbà tí òjò tún rọ̀ lọ́dún kejì, gbogbo ẹgbẹ́ ti fa róòsì wọn tu, wọ́n gbin ọsàn, wọ́n sì fi apẹ̀rẹ̀ bò ó. Ìbíkẹ́ ní tirẹ̀ kò bá ẹnìkankan jiyàn. Ó já èso méjì lára róòsì alága, ó fún wọn sórí ẹja.