Ọ̀sẹ̀ Kan Tí Bùrọ̀dá Tọrọ

Èmi ni òmùgọ̀ tó fún Bùrọ̀dá ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà. Ọdún mẹ́fà la fi jọ ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń kan àga. Ọjà ò tà mọ́, Bùrọ̀dá ò sì yé gba pákó láwìn lórúkọ àwa méjèèjì. Ilé àyágbé lòun ń gbé ní tirẹ̀. Èmi ni mo kọ́ yàrá méjì tí màmá mi wà, ilé yẹn ni wọ́n sì máa tà bí a ò bá rí owó san. Wọ́n ní ọwọ́ epo là ń báni lá, a kì í báni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀. Èmi lá méjèèjì.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ àjọṣe náà, lọ́yà kan là á mọ́lẹ̀ fún mi. “Ẹ kọ̀wé sí onípákó pé ẹ ti túká. Àwìn tó bá wọlé kí ìwé yẹn tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ò kàn yín. Ẹ má fi falẹ̀ o.”

Èèyàn ò ṣáà lè fo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá. Mo kọ ìwé náà, àmọ́ mo kọ́kọ́ mú un lọ fi han Bùrọ̀dá.

Ó wò ó títí. “Àbúrò mi, fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti tó ogún ọdún témi àti onípákó yẹn ti mọra. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì í, ó ń wo ẹnu mi. Ojú tì mí, mo ní kò burú.

Ọ̀sẹ̀ náà ò lọ bọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti fọn fèrè lójú títì, màá sáré yọjú wò ó bóyá ti onípákó ni. Mo fẹ́ lọ, n ò lè lọ. Mo fẹ́ bínú, n ò rẹ́ni bínú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, mo bá ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń já pákó tuntun. Bùrọ̀dá ti tọwọ́ bọ̀wé.

“Bùrọ̀dá, kí lèyí?”

Kò wojú mi. “Tó o bá ti lọ, wọn ò ní fún èmi nìkan láwìn mọ́. Ìwọ lo nílé.”

Orí mi gbóná. Mo fẹ́ kígbe, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ẹ̀yìn, ó gbé omi tútù fún mi.

“Má bínú sí i,” ló wí. “Èmi ni mo ní kó gbà á. Àwọn ọmọ máa jẹun.”

Mo mu omi náà. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo sì bá wọn gbé pákó wọlé. Gbèsè mi ni mo kúkú ń rù.

Bùrọ̀dá ní, “Ṣe jẹ́jẹ́ o, kó má gún ẹ lọ́wọ́.”