Ẹ̀jẹ̀ fún Ìwọlomọ̀

Nígbà náà, Fádáre ṣì wà láyé. Oyèlọlá wà, Límátù tó ń yan gàrí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìyá tó bí Motún pàápàá wà, tó ń fi eyín kan ṣoṣo jẹ àgbàdo. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Ọṣẹ wọ́n, iyọ̀ wọ́n, èèyàn á tò títí kó tó rí agolo mílíìkì kan rà.

Motún ni ìyàwó Fádáre. Òdìgbò ni wọ́n ń gbé, ilé wọn àti oko kòkó wọn sì fẹ̀gbẹ́ kan ti Oyèlọlá. Ọ̀rọ̀ ààlà ló da àwọn ọkùnrin méjèèjì rú. Fádáre ní Oyèlọlá ti wọ inú ilẹ̀ òun, Oyèlọlá ní irọ́ ni. Wọn kò lọ sí kọ́ọ̀tù, wọn kò yọ àdá síra wọn. Ajá ni wọ́n fi ja ìjà náà. Ajá kan bímọ ládùúgbò, kálukú wọn mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Fádáre sọ tirẹ̀ ní Ìwọlomọ̀. Lálaalẹ́ ni í dúró lẹ́nu ọ̀nà tí í máa kígbe pè é, kí Oyèlọlá lè gbọ́ ọ pé: ìwọ lo mọ ohun tí o ṣe. Oyèlọlá náà kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn, ó sọ tirẹ̀ ní Ọlọ́runńgbọ́. Bí wọ́n bá ké níhìn-ín, wọ́n á dáhùn lọ́hùn-ún. Àwọn ajá kò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n ń fi àwọn jà. Ibì kan náà ni wọ́n ń sùn sí, lábẹ́ igi ọsàn.

Nígbà tó yá, ojú Fádáre fọ́. Okùn ọrùn Ìwọlomọ̀ ló ń dì mú lọ sóko. Ajá á máa lọ níwájú, á dúró nídìí kùkùté, á dúró létí odò, títí wọn á fi dé ìdí kòkó. Níbẹ̀, Fádáre á máa fọwọ́ wá igi kọ̀ọ̀kan, á mọ èyí tó so.

"Ọjọ́ tí mi ò bá lè dé oko mọ́," ó máa ń wí, "ẹ gbẹ́ ilẹ̀ fún mi."

Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré nígbà tí ajá dùbúlẹ̀. Kò jẹ, kò mu, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn, èrìgì rẹ̀ funfun. Fádáre náà jókòó sórí ẹní, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Samson tó ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ ní Òrè wo ajá náà, ó pòṣé.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára rẹ̀. Kò sí oògùn lọ́wọ́ mi. Yunifásítì kan wà tó ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti ẹranko. Ẹ gbé e lọ."

Motún gbé ajá sínú apẹ̀rẹ̀ kòkó, ó fi ìró bò ó. Ní gáréèjì Òrè, sójà ló ń to èrò sórí ìlà.

"Ìyá, kí lẹ dì síbẹ̀?"

"Ajá ni, ọmọ mi."

"Ẹ fẹ́ lọ tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹ́?"

"Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé e lọ."

Ẹ̀rín pa sójà náà títí ó fi gbàgbé ẹgba ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ti ń ro Motún kó tó dé ilé ìwòsàn náà. Akọ̀wé kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lorúkọ ajá?"

"Ìwọlomọ̀."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Màmá, tí mo bá mọ̀, ṣé màá máa bi yín? Kí ni wọ́n ń pe ajá yìí?"

"Mo ní Ìwọlomọ̀!"

"Ẹ ò rí wàhálà láàárọ̀ yìí! Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Àwọn tó gbé ajá àti ológbò wọn sórí itan bú sẹ́rìn-ín. Motún kò rẹ́rìn-ín. Kò sí agbára ẹ̀rín lára rẹ̀.

Dókítà Olúbùsọ́lá, ọmọbìnrin tínínrín kan tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ló yẹ ajá wò. "Àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá ni. Màá gún un lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà, kò ní lè dìde mọ́. A kò sì ní ajá tí a lè fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ báyìí."

"Ẹ fa tèmi."

"Tèèyàn ò lè bá tajá mu, màmá. Ẹ lọ mú ajá tí ara rẹ̀ le wá. Kí ẹ yára."

Ajá tí ara rẹ̀ le! Ọ̀kan náà ni Motún mọ̀. Ó fi Ìwọlomọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sí Òdìgbò, kò sì yà sílé ara rẹ̀. Ó bá Oyèlọlá níbi tó ti ń sá kòkó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Hannah."

"Ìyá Gabriel. Ṣé ọkọ rẹ ló rán ọ sí mi?"

"Kò mọ̀ pé mo wá." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Oyèlọlá rẹ́rìn-ín. "Ó mà ga o! Ọjọ́ wo ni ọkọ rẹ ti ń pariwo pé èmi ni mo mọ̀, èmi ni mo mọ̀? Mi ò mọ nǹkan kan. Kó lọ bi ẹni tó mọ̀."

Motún jókòó sínú eruku, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ máa bú wa lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sinmi ná."

Ọlọ́runńgbọ́ dìde nídìí ọsàn, ó wá ń gbóòórùn ìró Motún, kò kúrò níbẹ̀. Oyèlọlá ń fẹsẹ̀ da kòkó rú.

"Èyí náà ò jẹun gidi," ó wí, bí ẹni tí inú ń bí. "Ó ń wá ajá oníranù yín kiri." Ó wọlé, ó wọ bùbá, ó jáde. "Dìde. Mi ò lè fi ajá mi lé ará ilé Fádáre lọ́wọ́ kí wọ́n lọ fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Èmi fúnra mi ni n ó dì í mú."

Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí akọ̀wé gbọ́ orúkọ ajá kejì, ó ju bírò sílẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ìjà yín ò kéré o!"

"Ṣé mọ̀lẹ́bí ni yín, bàbá?" ni dókítà bi í.

"A jọ pààlà ni," Oyèlọlá dáhùn.

Wọ́n tẹ́ Ọlọ́runńgbọ́ sórí tábìlì. Oyèlọlá di orí rẹ̀ mú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọ ara Ìwọlomọ̀, Motún ti sùn lọ lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó jí, Ìwọlomọ̀ ti gbórí sókè.

Nílé, Fádáre fọwọ́ pa ajá náà láti imú dé ìrù.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fún un?"

"Ti ajá Oyèlọlá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá."

Fádáre tún fọwọ́ pa orí ajá. "Ààlà yẹn ṣì wà níbi tó wà o."

"Mo gbọ́," Motún wí, ó lọ gbé omi kaná.

Bí ara ajá ti le, wọ́n tún mú ọ̀nà oko pọ̀n. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tí sójà kan yọ sójà kejì nípò. Ìgbà ìkórè kòkó ni. Motún ń fọ́ kòkó, Fádáre jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì rẹ̀, ó ń mu omi ara kòkó.

"Ṣé ti orí òkè lọ́hùn-ún ti pọ́n?"

"Ó ti pọ́n."

"Má jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ́ tán."

Motún ń bá iṣẹ́ lọ, ó ń sọ fún un pé iyọ̀ ti dé sí Òrè. Fádáre kò dáhùn. Motún kọ́kọ́ rò pé oorun ló gbé e lọ. Nígbà tó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, omi kòkó kò tíì gbẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Fádáre kò mí mọ́. Motún fi àdá sílẹ̀. Ó ké sí Oyèlọlá lódì kejì ààlà, nítorí kò sí ẹlòmíì nítòsí.